Ìlà Mẹ́tàlélógójì Lẹ́yìn Ìwé

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ibi tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn aláìsàn ló ṣì wà. Ìgbà tí mo bá ń jáde ni òun ń wọlé, ẹnu ọ̀nà la ti máa ń kí ara wa bí àlejò méjì. Ìwé àṣẹ tí a fẹ́ fi mú ọmọ wa wá kò tíì jáde. Wọ́n ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù náà pé ọdún mẹ́ta lóṣù yìí.

Ẹ bi mí nínú lẹ́tà yín tó kọjá pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ìwé ni mò ń ṣà, Ìyá mi. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mo máa ń sá wọ balùwẹ̀ tí mo bá rí ìwé! Ilé ńlá kan ni, páànù ni òrùlé rẹ̀. Ìwé tí àwọn ilé ìkàwé ti kó dànù, àti èyí tí wọ́n kó jáde nínú ilé ẹni tó ti kú, á máa gba orí bẹ́líìtì, awọ gbọọrọ tí ẹ̀rọ ń wọ́, kọjá níwájú wa láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin. Èyí tó dára lọ sínú àpótí kìíní, wọn á tún un tà. Èyí tó ṣì ṣeé ta èèyàn lọ́rẹ lọ sí ìkejì. Àpótí kẹta ni ti èyí tó ya, tàbí tí ojú ewé rẹ̀ kò pé. Ẹ̀rọ ló máa lọ ìyẹn. Tí a bá tọrọ nínú ti ìkẹta, wọ́n á fún wa. Mo tọrọ méje fún ọmọ wa, Oníbéèrè.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń yan ìwé fún ọmọ ọdún márùn-ún. Obìnrin àgbàlagbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Tábìlì, ló kọ́ mi. Ó ní kí n má wo èèpo ìwé, igun rẹ̀ ni kí n wò. Ìwé ọmọdé tí igun rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ rí. Èyí tí eyín ọmọ wà lára rẹ̀, tí ìka ọmọ ti sọ dúdú, tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun ni kí n mú. Ó ní kí n sì ka ojú ewé kan sókè. Tó bá ti ń wù mí láti ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, ó tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn fún un. Tó bá dorí ìwé kodò, ẹ jẹ́ kó dorí rẹ̀ kodò. Tó bá fo ojú ewé mẹ́ta, ẹ bá a fò ó. Ẹ má bi í pé lẹ́tà wo rèé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì wúwo lẹ́nu mi. Pàṣán yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ má jẹ́ kó kan ọmọ mi lára nítorí ìwé. Tí mo bá gbọ́ pé ó kàn án, màá ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, aránṣọ, wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. N kò sọ ọ́ láti fi rí yín fín. Mo sọ ọ́ kó má baà jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú àjò, o kú ìfaradà. Orúnkún mi wà bó ṣe wà, ó ń ké, mò ń rìn. Bá mi kí ìyàwó mi. Sọ fún un pé ẹni tó ń dáná fún aláìsàn, àìsàn kò ní í mọ ojú ilé tirẹ̀.

Páálí rẹ dé. Mo tú u sórí tábìlì, mo sì jókòó tì í. Méje ni o pè é, méje ni mo bá. Ọ̀kan kò lẹ́yìn. Ọ̀kan, n kò mọ̀ bóyá ọmọ ni tàbí ajá, wọ́n ti jẹ ẹ́ nígun. Ọ̀kan ń rùn bí ilé tí wọ́n tì pa láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ilé òkú ni wọ́n ti ń kó òmíràn jáde. Ṣé ìdọ̀tí onídọ̀tí ni o wá ń dì ní páálí ránṣẹ́ sí ọmọ tí o bí? Ẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọwọ́ mi kọjá kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí èyí tó gbé irú rẹ̀ wọ kíláàsì mi rí. Bébà la fi ń bo ìwé. Ọwọ́ la ń fọ̀ ká tó ṣí i. Bá mi sọ ìyẹn fún Ọ̀gá Tábìlì rẹ.

Mo nù wọ́n, mo sá wọn sí òòrùn, mo fi bébà bò wọ́n, mo sì tì wọ́n mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí. Yóò máa rí wọn. Bí ó bá ti mọ lẹ́tà rẹ̀ délẹ̀, n óò fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Mo ra ìwé a-bí-dí tuntun fún un, òun la ń kà. Ó dé orí D, ó ní, “Ìyá àgbà, kí ni D jẹ tí ikùn rẹ̀ fi yọ báyìí?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó dì í mú. Mo wá tún ojú mi ṣe, mo ní kó pe D. Kò pè é. Ó ti fẹsẹ̀ fẹ, ó ti lọ fi imú tẹ díńgí kọ́bọ́ọ̀dù. Ojoojúmọ́ ni mò ń nu àpá imú kúrò lára díńgí yẹn.

O sọ̀rọ̀ pàṣán. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, eruku ló ń jẹ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo kọ́ ọ, o kò sì tà á. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn? Bí o bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, gbà á. Má fi ìwé tó ti bó ṣe àwáwí.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìbínú. Ẹ fi orí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi. Ìwé kì í ṣe abọ́ àlejò tí a ń tì mọ́ inú díńgí. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ fèrèsé ní yàrá ẹ̀yìn? Ní aago mẹ́rin, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde, èmi ń kàwé fún yín. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan, ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ ó kàn fa ìlà kan sára bọ́ọ̀dù kékeré yẹn. Mẹ́rin á dúró, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Tí mo bá parí, ẹ ó ka ìlà, iye ìlà ni iye pàṣán. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń fi orin jáde ní kíláàsì yín. Ọmọ tíṣà nìkan ló ń gba ìlà, kí wọ́n má baà ní ẹ ń ṣe ojúsàájú. Pàṣán yẹn kọ́ ló kù létí mi, ìró ṣọ́ọ̀kì ni. Títí di òní, bí mo bá ṣí ìwé, etí mi á dúró dè é.

Ẹ máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo jókòó de ọ̀tún lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó pẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí èèpo rẹ̀ pupa lábẹ́ bébà yín. Ọmọ kan ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan sọnù. Ó ń kan ilẹ̀kùn yàrá inú ilé kan báyìí, ilẹ̀kùn méje. Bó bá ti kan ọ̀kan, ẹni tó wà nínú á ní, “Kò sí níbí, lọ wo ilẹ̀kùn tó kàn.” Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ti ya kúrò, torí ẹ̀ ló ṣe wà nínú àpótí kẹta. Ìwé náà parí sí ẹnu ilẹ̀kùn keje, ilẹ̀kùn náà sì wà ní títì. Ẹ má wá ojú ewé yẹn kiri. Ẹ bi ọmọ pé kí ló wà nínú yàrá náà, kẹ́ ẹ sì gba ohun tó bá sọ.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó mi.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo bínú sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kẹrin mo wá kọ́kọ́rọ́. Ọmọ rẹ gbé ìwé pupa náà, kò tilẹ̀ ṣí i, imú ló kọ́kọ́ gbé lé e. Ó ní ó ń rùn bí ẹnì kan. Mo kà á fún un. Nígbà tí a fi dé ilẹ̀kùn kẹta, òun ló ń sọ “Kò sí níbí” kí n tó yanu. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀kùn tí kì í kàn nínú ilé yìí. Èmi a wà ní balùwẹ̀, n óò gbọ́ gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀n: “Ṣé bàtà mi wà níbẹ̀?” Bí n kò bá dáhùn bó ṣe wà nínú ìwé, kì í lọ. Ìwé tó ti bó ti sọ tíṣà àgbà di ẹni tí ń fọhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbà fún ọ, o borí mi.

Ṣùgbọ́n fetí sí ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ṣan abọ́ nínú ilé ìdáná, mo gbọ́ ohùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Ohùn tó ń kàwé ni. Ó dé orí ọ̀rọ̀ kan, ó há, ó padà sẹ́yìn, ó tún há, bí ìwọ ṣe máa ń há gẹ́lẹ́. Ọwọ́ mi tó tutù fún omi ti wọ àpò kí n tó mọ̀, ó ń wá ṣọ́ọ̀kì. Ọdún mọ́kànlá rèé tí n kò ti mú ṣọ́ọ̀kì dání. Nígbà tí mo débẹ̀, òun ni, lórí bẹ́ǹṣì rẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ó di etí òsì mú. Ìwọ lo máa ń di etí òsì mú bí o bá ń kàwé. Ọmọ ọdún méjì lo fi sílẹ̀, ibo ló ti rí i?

Ó ní, “Ìyá àgbà, ta ló máa ń jókòó síbí? Igi yìí ti jìn wọnú.”

Mo ní, “Bàbá rẹ ni.”

“Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń kàwé.”

“Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?”

Mo padà sídìí abọ́ mi.

Ó rí pàṣán pẹ̀lú. Ọjọ́ tí mo ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ló bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní òun ni tíṣà fi ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lára bọ́ọ̀dù, kí ojú má baà ṣìnà. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún ọmọ yẹn nìyẹn.

Mo wá kan ohun tó mú mi kọ̀wé. Ó ṣí inú ẹ̀yìn ìwé pupa náà, ó ní kí n wá wò ó. Ìlà ni, ìlà pẹ́ńsù. Mẹ́rin dúró, ìkarùn-ún dábùú wọn. Ìdì mẹ́jọ, ó lé mẹ́ta. Mẹ́tàlélógójì. Ó ní ta ló ń ka nǹkan síbẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo rí níbẹ̀, ọmọ mi. O fi ọwọ́ ara mi ránṣẹ́ sí mi láti òkèèrè. Mo jókòó, mo ń bi ara mi pé ṣé mo ti na ọmọ ní mẹ́tàlélógójì lọ́jọ́ kan rí. N kò rántí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé n kò lè búra pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mú rọ́bà, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ dé etí mi. Àmọ́ ṣé ẹ̀yìn ìwé ọmọ ló yẹ kí o kọ ọ́ sí?

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje

Ọmọ mi,

O kò fèsì. Oṣù méjì fẹ́ẹ̀ pé. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó mi ń bẹ?

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Ọmọ rẹ kò kàwé mọ́. Nígbà tó rí i pé mo ti pa ìlà rẹ́, ó fi ìka tọ́ ojú ibẹ̀, ó ní, “Ẹni yẹn ti lọ.” Mo ní ta ni. Ó ní ẹni tó kà á kí òun tó kà á, ìlà rẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo ti lé e lọ. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọdé. Bó bá di aago mẹ́rin, yóò lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò gbé ìwé náà lé itan ní pípadé. Kì í sunkún. Mo gbé mẹ́fà yòókù kalẹ̀ fún un, kò wò wọ́n. Mo gbé a-bí-dí, mo ní jẹ́ ká wo D oníkùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ́ nínú ilé yìí. Èmi ni mo wá ń gbọ́ ṣọ́ọ̀kì báyìí. Lójú ọ̀sán gangan, mo wà ní ìjókòó, yóò ha lẹ́ẹ̀kan lára ògiri, n óò yíjú, kò ní í sí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé etí àgbà ni. Mo sì tún mọ̀ pé etí àgbà nìkan kọ́.

Aránṣọ wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun wá wọn ọmọ fún aṣọ. Ó wọn èjìká, ó wọn ìbàdí, ó wá gba ọwọ́ ọmọ, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó fínnífínní. Èwo ni aṣọ tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n? Ó gbójú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà. Bí alábẹ̀wò bá wọlé, bó tilẹ̀ fi aṣọ bojú, mo mọ̀ ọ́n.

Ṣé ìwọ lo rán an? Èsì ni mò ń wá, kódà kó jẹ́ èébú.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo jẹ̀bi àìkọ̀wé. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

Ìlà yẹn kì í ṣe tiyín. Tèmi ni, ti ọmọ mi sì ni.

Láàárín ọ̀sán, tí wọ́n bá dá bẹ́líìtì dúró ká lè jẹun, mo máa ń gba ẹ̀yìn àpótí kẹta lọ. Mo dojú páálí kan dé, mo jókòó lé e. Mo dojú òmíràn dé síwájú mi, mo ṣe é bí ẹni pé Oníbéèrè ló jókòó lórí rẹ̀. Mo ń ka ìwé pupa yẹn fún un, sókè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò kọjá ilẹ̀kùn kejì. Òógùn bò mí, mo há, mo ń retí ṣọ́ọ̀kì. Ọkùnrin tó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ọ̀gá Tábìlì ló bá mi níbẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ jókòó, ó ní, “Tún un kà, èmi náà fẹ́ mọ ibi tí bàtà wà.”

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á dé ilẹ̀kùn keje láìsá, mo fa ìlà kan sẹ́yìn ìwé. Kò sí ọ̀nà míì tí mo mọ̀ tí wọ́n ń gbà ṣírò ìwé kíkà, Ìyá mi. Bọ́ọ̀dù yín ni mo ti kọ́ ọ. Àmọ́ mo fẹ́ kó jẹ́ pé ní ẹ̀ẹ̀kan láyé mi, ohun tí mo ṣe dáadáa ni ìlà á máa kà. Ìgbà mẹ́tàlélógójì ni mo ka ìwé yẹn fún ọmọ mi kí ìwé náà tó kúrò lọ́wọ́ mi. Nítorí ojú ewé tó ya, èmi ni mo ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn keje. Lójoojúmọ́, Oníbéèrè ni mò ń bá níbẹ̀, ó jókòó, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń bi mí pé kí ló mú mi pẹ́.

Ṣé mo gbàgbé pé ojú yín á rí ìlà yẹn ni? Ó ṣeé ṣe. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé n kò gbàgbé. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé ẹ ti pa á rẹ́, mo lọ jókòó lẹ́yìn àpótí kẹta. N kò rí ẹnikẹ́ni lórí páálí iwájú mi mọ́, páálí lásán ni. Ìdí tí n kò fi lè kọ̀wé nìyẹn.

Èmi ni mo rán aránṣọ. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mọ́, ṣùgbọ́n ilé dákẹ́ bí ilé tí èèyàn ti kú. Ó ní tí n bá fẹ́, òun á wá mú un ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. N kò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, ní tààrà. Ṣé ẹ ti na ọmọ mi? Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

N kò nà án. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbéra lẹ́ẹ̀kan, nínú oṣù kẹfà, nígbà tó ti ìwé a-bí-dí sẹ́yìn. Ọwọ́ mi lọ sókè. Kò yẹ̀ ẹ́. Kò ṣẹ́jú. Kò mọ ohun tí ọwọ́ òkè ń bọ̀ wá ṣe. Ìwọ, bí mo bá gbọ́wọ́ láti yọ pẹ́ńsù tí mo há sétí ara mi, o ti sá dé ẹnu ọ̀nà. Mo sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, mo sì wọ yàrá mi lọ jókòó.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn. Ìwọ ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì. Mo bẹ̀rù ẹnu àwọn òbí ọmọ, mo bẹ̀rù ẹnu àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, mo fi ọmọ mi ṣe ẹ̀rí pé mo mọ iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ti kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ láti fẹ́ràn ìwé, mo sì lé ẹyọ kan tí mo bí sá fún un. Ọ̀tún tí o jókòó dè, kò jẹ́ dé. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo pe Oníbéèrè. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló ni ìlà, pé ìgbà mẹ́tàlélógójì ló ti ka ìwé náà fún un, lórí páálí. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.” Ó gbé ìwé náà lọ síbi fèrèsé, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka wá a kiri. Ó ní, “Ìyá àgbà, kò tíì lọ.” Ó fa ìka tèmi síbẹ̀. O ti tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé gan-an. Rọ́bà mú dúdú rẹ̀ lọ, ojú ibi tó jìn ṣì wà. Ó ní kí n tún wọn fà. Èmi tí mo pa wọ́n rẹ́, èmi náà ni mo fi pẹ́ńsù tọ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, mẹ́tàlélógójì.

Ó wá ní èmi ni kí n kàwé lónìí, òun fẹ́ gbọ́. N kò sọ fún ọ rí pé ojú mi ti ń ṣókùnkùn. Lẹ́tà rẹ, mo máa ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí i kà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan ní ilẹ̀kùn kìíní. Mo ṣi òmíràn ní ìkejì, mo fo ìlà kan ní ìkẹta. Ọmọ tí kò tíì lè kàwé tán ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní, “Ẹ ti ṣì í.” Ó dìde. Ó gun àga, ó na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé pàṣán sọ̀ kalẹ̀, ó ń mú un bọ̀.

Ọmọ mi, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀. Mo tẹ́ ẹ bí ìwọ ṣe máa ń tẹ́ ẹ, èyí òsì, ìka papọ̀, mo sì di ojú. Mo ń retí rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń ronú pé mẹ́ta ni, mẹ́ta péré.

Ó fi pàṣán sí mi lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ pa ìka mi dé mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹ fi í tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà, kí ojú yín má baà ṣìnà.”

Ìyá rẹ sunkún. Ó ní kí ló dé, mo ní eruku ló wà lára igi. Mo nù ún, mo fi tọ́ka láti orí ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, ó ń bá mi dì í mú, títí a fi dé ilẹ̀kùn keje. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní bàbá òun ni, ó ń wá ibi ìjókòó.

Bí aránṣọ bá ń bọ̀, kó wá ní aago mẹ́rin, kó jókòó, kó gbọ́. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá pinnu pé kó lọ, n óò di ẹrù rẹ̀ fúnra mi, n kò ní í bá yín jà.

Nígbà tí a kà á tán lọ́jọ́ náà, ó gba pẹ́ńsù, ó fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó dá dúró. Ó wọ́ díẹ̀. Ó di mẹ́rin. Mo ní lọ́la, a ó fa ìkarùn-ún, yóò dábùú wọn. Ó gbé ìwé náà mọ́ àyà. Ó ní rárá, kí á bẹ̀rẹ̀ tiwa nísàlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tiwa. Tiwa ti di mọ́kànlá lónìí. Mẹ́rin òkè yẹn ṣì dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá òun ni yóò wá dábùú wọn, lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ìyá rẹ ni.